Nípa eegun àgbọ̀n tí wọ́n fẹ́ gé fún màmá yín

Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní egbò jẹjẹrẹ orí erìgì màmá ò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, kí ló wá dé tí dókítà ń sọ̀rọ̀ gígé eegun. Ohun témi náà bi wọ́n nípa bàbá mi nìyẹn, inú ń bí mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Iléṣà níbí la wà. Eyín ìsàlẹ̀ kan ló ń mì, a lọ yọ ọ́ níbì kan, wọn ò tiẹ̀ wo egbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ojú ibẹ̀ ò jiná fún oṣù méjì, àwa náà ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ ṣáá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀kọ, á máa ṣàn lágbọ̀n wọn, wọn ò ní mọ̀, torí ètè ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti kú. Ìgbà tá a dé Ifẹ̀ la gbọ́ pé inú eegun ni iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára gbà kọjá, jẹjẹrẹ tó bá ti wọbẹ̀, á máa tọ iṣan yẹn lọ ni.

Erìgì ò nípọn, eegun ló wà lábẹ́ ẹ̀ tààrà. Jẹjẹrẹ gan-an kọ́ ló sì ń jẹ eegun o, àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa tó máa ń tú eegun palẹ̀ ló ń bẹ̀ níṣẹ́. Ẹ má gbára lé ẹ́síréè nìkan, eegun á ti jẹ tó 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó hàn níbẹ̀, ẹ béèrè CT scan, àwòrán tó ń fi inú eegun hàn fínnífínní.

Tó bá jẹ́ etí eegun ló kàn, wọ́n lè fá òkè ẹ̀ kí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ kù, àgbọ̀n ò ní já. Tó bá ti wọ mùdùnmúdùn inú eegun, gbogbo apá ibẹ̀ ló ń lọ, wọ́n á tún gé e kọjá ibi tó dé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, torí eegun le, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó rọ̀ kí wọ́n tó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ṣì kù létí ibi tí wọ́n gé, kò ṣe é dúró dè nínú tíátà. Ìkejì yìí ni wọ́n ṣe fún bàbá, irin ni wọ́n fi so àgbọ̀n pọ̀. Àwọn míì, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun wọn ni wọ́n ń mú rọ́pò ẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe ìyẹn. Bàbá ń jẹ mọ́ínmọ́ín báyìí, iyán ni ò ṣe é jẹ mọ́, Ìjẹ̀ṣà paraku sì ni wọ́n, ó ń dùn mí.

Lálẹ́ yìí, ẹ ní kí màmá dijú, ẹ fi òwú kan ètè ìsàlẹ̀ wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n lápá kan, ẹ sọ fún dókítà kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ.