Wọ́n Lẹ Tíkẹ́ẹ̀tì Mọ́ Mọ́tò Mi Níbi Tí Mo Ti Ń Gbé Ọmọ Lọ Síkúùlù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Láàárọ̀ Tuesday tó kọjá mo gbé àwọn ìbejì mi lọ síkúùlù, ọmọ ọdún 4 ni wọ́n, Reception, kíláàsì àkọ́kọ́, ni wọ́n wà, gbogbo àdúgbò ti kún fún mọ́tò, mo wá ráyè díẹ̀ lórí ìlà yẹ́lò, ìlà kan ṣoṣo o, kì í ṣe méjì, mo ní kí n sáré mú wọn dé géètì torí síkúùlù wọn ò gbà kí ọmọ Reception dá wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ fà á lé tíṣà lọ́wọ́ ni. Kẹ́hìndé wá bú sẹ́kún, ó ní bàtà ń ta òun lẹ́sẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo tú u wò, mo sì bá tíṣà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kí n tó padà dé, warden ti ń lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lára gíláàsì iwájú mọ́tò. £160! Wọ́n ní tí mo bá san án láàárín ọjọ́ 14, £80 ni. Dádì wọn ní kí n san £80 náà ká sinmi, ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n sọ pé ọmọ ló ń bì. Lẹ́tà tí mo fẹ́ fi bẹ kánsù rèé, ẹ bá mi wò ó. — Ìyá Ìbejì, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí Kẹ́hìndé, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ bàtà fún un? Ohun àkọ́kọ́, ẹ má tíì sanwó. Tẹ́ ẹ bá ti san £80 yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ ò tún lè padà wá jà á.

Mo ka lẹ́tà yín. Ká sòótọ́, lẹ́tà yẹn kúnlẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ò ju “Ẹ ṣàánú mi, nǹkan le, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ẹni tó máa kà á ní kánsù kì í ṣe ìyá ọkọ yín, ohun tó ń wá nínú ẹ̀ ò ju bóyá ẹ ṣẹ̀ tàbí ẹ ò ṣẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ẹ ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ̀ rárá!

Ẹ gbọ́ o. Lórí ìlà yẹ́lò, ì báà jẹ́ kan ì báà jẹ́ méjì, òfin gbà kéèyàn dúró kí èrò lè sọ̀ kalẹ̀ tàbí kó wọlé, boarding and alighting ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀. Àgbàlagbà á bọ́ọ́lẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, ó tán. Ṣùgbọ́n ta ló máa já ọmọ ọdún 4 sílẹ̀ lẹ́bàá títì kó wá gbéra lọ? Àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ páàkì ti gbà á fáwọn òbí pé àsìkò tí wọ́n fi mú ọmọ kékeré dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbà á wà lára sísọ̀ kalẹ̀ yẹn, tí kò bá ṣáà ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí agbára yín wà nìyẹn. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dé, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ibi tí géètì wà, òfin síkúùlù nípa ọmọ Reception (ó sábà máa ń wà lórí wẹ́bùsáìtì wọn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọ́fíìsì wọn fún yín ní lẹ́tà), kẹ́ ẹ sì fi kún un pé mọ́tò lẹ padà sí tààrà. Kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì kánsù, ẹ tẹ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà mọ́tò síbẹ̀, ẹ máa rí fọ́tò tí warden yà, ẹ máa rí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mọ́tò àti aago tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5 tàbí 6, ó bá ọ̀rọ̀ yín mu. Tó bá jẹ́ 20, háà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bi yín, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá tíṣà sọ yẹn, díẹ̀ wo ni? Mo mọ díẹ̀ tiwa o. Tó bá jẹ́ ti bàtà Kẹ́hìndé, ìyẹn wà lára fífà á lé e lọ́wọ́, tó bá jẹ́ ti pátì ìparí táàmù, ẹ ti kúrò ní alighting nìyẹn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Ti ọ̀rẹ́ yín tó ní ọmọ ń bì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Irọ́ tẹ́ ẹ máa tún pa lẹ́ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀kẹta tẹ́jọ́ bá ń lọ sókè ni, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ta ko ìtanràn, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn lọ́tọ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin.

Ẹ fi ránṣẹ́ kó tó pé ọjọ́ 14. Tí wọ́n bá tiẹ̀ kọ̀, wọ́n sábà máa ń tún fún èèyàn láyè láti san £80 náà. Ibi tí wọ́n bá ti kọ̀ yìí lọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ká ọwọ́ kò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ò tíì ju ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Notice to Owner ló kàn, orúkọ ẹni tó wà lórí V5, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, ni wọ́n máa kọ sí i, ọjọ́ 28 lẹ ní láti fèsì, kánsù ní ọjọ́ 56, tí wọn ò bá fèsì kó tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ọjọ́ 28 míì wà fún yín láti gbé e lọ sí London Tribunals, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi fóònù rojọ́, adájọ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ kánsù. Ewu tó wà níbẹ̀ ò ju pé àǹfààní £80 ti lọ, tẹ́ ẹ bá jẹ̀bi £160 lẹ máa san. Èmi ì bá lọ ní tèmi. (Ẹ̀yin ará Manchester àti Leeds, Traffic Penalty Tribunal ni tiyín, owó yín ò sì tó báyìí, £70 ló pọ̀ jù níbi páàkì.)

Ti V5 yẹn, ṣé àdírẹ́sì ilé tẹ́ ẹ wà báyìí ló wà lórí ẹ̀? Ẹ bi Dádì wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti kó kúrò ní Peckham tipẹ́, ibẹ̀ ni lẹ́tà ṣì ń lọ, £160 á di £240, ibi téèyàn bá ti máa gbọ́ ni bélíìfù tó ń gba gbèsè á ti kan ilẹ̀kùn láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí lẹ́tà ò dé ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà ló ká èmi mọ́ lórí ìlà kọ́lọkọ̀lọ iwájú síkúùlù, póòsì ni tíkẹ́ẹ̀tì gbà wá. Mi ò pa ẹ́ńjìnnì, mi ò bọ́ọ́lẹ̀, ọmọ ló fò bọ́ọ́lẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ṣé mo lè jà á? — Bàbá Fèyí

ÌDÁHÙN: Bàbá Fèyí, ẹ sanwó, sà. Tiyín kì í ṣe ti Ìyá Ìbejì. Níbi ìlà kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n bá kọ School Keep Clear sí, kò sí pé mo kàn já ọmọ sílẹ̀, Blue Badge, káàdì páàkì àwọn abirùn, gan-an ò gbani níbẹ̀, torí ọmọ tó bá gba àárín mọ́tò yọ, onímọ́tò tó ń bọ̀ ò ní rí i. Ní 2015 tí ìjọba dín ibi tí kánsù ti lè fi kámẹ́rà mú èèyàn níbi páàkì kù, wọn ò mú iwájú síkúùlù kúrò nínú ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè lọ wò ni pátákó tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tó kọ ọjọ́ àti aago tí òfin náà ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí aago tiyín bọ́ síta, ẹ kọ̀wé. Tó bá wà níbẹ̀ tó hàn ketekete, ọjọ́ 21 lẹ ní láti san ìdajì, kì í ṣe 14, torí pé kámẹ́rà ni.