Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìdánwò Master Electrician ní Texas

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yàn fún ìtẹ̀jáde yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lé: ìdánwò tí ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà fi ń fún oníṣẹ́ iná mànàmáná ní ìwé àṣẹ Master Electrician, ipò tí ó ga jù lọ nínú iṣẹ́ náà níbẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà abala òfin tí mo bá dárúkọ nísàlẹ̀ ni mo mú láti inú ìtẹ̀jáde 2023 ti National Electrical Code, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní NEC. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni NFPA, àjọ Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà ìjàǹbá iná, ń tún ìwé náà tẹ̀, àwọn nọ́ńbà a sì máa ṣípò padà, nítorí náà kí olúkúlùkù kọ́kọ́ wo ìtẹ̀jáde tí ìdánwò tirẹ̀ ń lò kí ó tó náwó lé ìwé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mo ń gbé. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ wáyà kí n tó wá síbí, mo sì ti ní ìwé àṣẹ journeyman, ipò tí ó wà nísàlẹ̀ master, fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò master, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, oorun ló ń gbé mi lọ. Ẹnìkan ta ìdìpọ̀ ìbéèrè àtijọ́ fún mi, ó ní kí n há gbogbo rẹ̀ sórí, pé ohun tí òun ṣe nìyẹn. Ṣé ọ̀nà tí ó tọ́ ni?

Ìdáhùn: Ọ̀nà náà kò tọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi agbára yín ṣòfò síbẹ̀. Wọ́n gbà kí ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò yìí máa ṣí NEC wò bí ó ti ń dáhùn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tí ó lè rí òfin tí ó kan iṣẹ́ iwájú rẹ̀, tí ó lè kà á kó yé e, tí ó sì lè lò ó bí ó ti yẹ kí àkókò tó tán. Bí ẹ bá há ìdáhùn sórí, tí wọ́n wá yí ìwọ̀n wáyà kan padà nínú ìbéèrè, tàbí tí wọ́n fi páìpù oníke rọ́pò páìpù onírin, gbogbo ohun tí ẹ há kò ní wúlò mọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ pé kò wúlò.

Kí á tó dé orí ìwé kíkà, ẹ jẹ́ kí á wo wákàtí iṣẹ́ yín. TDLR, ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ, béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ di master: kí ó ti ní ìwé àṣẹ journeyman fún ọdún méjì ó kéré tán, kí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 12,000 lábẹ́ àbójútó Master Electrician. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ọdún méjì náà, wọ́n ń gbàgbé wákàtí. Master tí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí ó jẹ́rìí sí wákàtí yín, bí ẹ bá sì ti kúrò ní ilé iṣẹ́ kan láìgba ìbuwọ́lù, ó lè di wàhálà lẹ́yìn ọ̀la, torí ọ̀gá náà lè ti fẹ̀yìn tì tàbí kí ó ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá yín àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ gba ìbuwọ́lù wọn ná.

Apá méjì ni ìdánwò náà pín sí, ọ̀kan fún ìmọ̀ òfin, èkejì fún ìṣirò, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba ìdá 70 nínú 100 kí ẹ tó yege. Apá ìmọ̀ òfin ni ìdìpọ̀ ìbéèrè yẹn ń tan àwọn ènìyàn jẹ nínú rẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe to NEC kò níláti há púpọ̀ sórí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ìsọ̀ nínú ọjà Bódìjà kì í ti í fi ìbéèrè pa ara rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ eléwé. Orí 1 sí Orí 4 ni òfin tí ó kan iṣẹ́ gbogbo: Orí 1 fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ohun gbogboogbò, Orí 2 fún bí a ṣe ń gbèrò iṣẹ́ àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó, Orí 3 fún wáyà, páìpù àti àpótí, Orí 4 fún ohun èlò tí gbogbo ènìyàn ń lò. Orí 5 wà fún àwọn ibi àkànṣe, Orí 6 fún ohun èlò àkànṣe, Orí 7 fún ipò àkànṣe, àwọn mẹ́ta yìí sì lè fi kún ohun tí àwọn orí mẹ́rin ìṣáájú sọ tàbí kí wọ́n yí i padà. Orí 8 dá dúró fún wáyà ìbánisọ̀rọ̀, Orí 9 sì ni ibùdó àwọn àtẹ. Bí ìbéèrè bá ti sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ti máa lọ sí Orí 5, Abala 517, kí ojú yín tó ka ìbéèrè náà dé òpin; bí ó bá jẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́, Orí 6, Abala 680.

Mo rọ̀ yín láti mú Orí 5 ní pàtàkì. Oníṣẹ́ tí ó ti ń fi wáyà sí ilé gbígbé láti ọdún pípẹ́ lè máà ṣí Abala 500 wò rí, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ni òfin àwọn ibi tí oru epo tàbí eruku tí ń gbiná wà. Houston tí ẹ ń gbé yìí kún fún ilé iṣẹ́ ìfọpo àti ti kẹ́míkà. Bí ẹ bá di master lónìí, ẹnìkan lè pè yín lọ́la sí ilé epo tí a ti ń ta pẹtiróò, níbi tí ìpẹ́pẹ́ iná kékeré kan nínú swíìṣì tí kò yẹ ti tó láti jó gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni mo ṣe ń bínú sí àwọn tí ń ta ìdáhùn fún àwọn tí kò mọ ohun tí ìdáhùn náà ń dáàbò bò.

Ní ti oorun, ẹ má ṣe bá a jà ní alẹ́. Ààbọ̀ wákàtí ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ọpọlọ ṣì tutù, sàn ju wákàtí mẹ́ta tí ẹ óò fi tòògbé lórí ìwé lọ. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́wàá lójúmọ́, kí ẹ sì pinnu pé ẹ kò ní kọ ìdáhùn kankan sílẹ̀ àfi bí ẹ bá rí i nínú NEC, kódà bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà abala náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé ni kí ẹ máa kọ́kọ́ lò. Bí ẹ bá ti ń ṣe èyí fún oṣù díẹ̀, ọwọ́ yín fúnra rẹ̀ yóò mọ ibi tí yóò ṣí. Ẹ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà PSI, ilé iṣẹ́ tí ń ṣètò ìdánwò náà, kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ìwé yín tàbí kọ ohunkóhun sínú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí wọn kò gbà.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ ǹ lẹ́ o. Mo yege nínú apá ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ti ilé gbígbé kò le púpọ̀ fún mi. Ẹ̀rọ motor ló ń dà mí láàmú. Àwọn ìdáhùn tí mo ń rí máa ń jọ bí ẹni pé wọ́n lòdì sí òfin. (Dallas)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire apá kan, èkejì kò sì jìnnà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ ní ṣókí, nítorí àwọn mìíràn tí wọn yóò ka èyí. Ká ní ilé kan tó 2,000 square feet. Òfin ní kí á ka 3 VA (volt-ampere, ìwọ̀n agbára iná) fún square foot kọ̀ọ̀kan fún iná gbogboogbò, ó di 6,000. Sákíìtì méjì fún ohun èlò kéékèèké ilé ìdáná, 1,500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 3,000. Ti ibi ìfọṣọ, 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,500. Nítorí pé gbogbo rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a ó ka 3,000 àkọ́kọ́ ní kíkún, a ó sì mú ìdá 35 nínú 100 ti 7,500 tó kù, ìyẹn 2,625. Ó jẹ́ 5,625 VA. Sítóòfù oníná kan tí kò ju 12 kW lọ yóò wọlé sí i ní 8 kW, ẹ̀rọ tí ń mú aṣọ gbẹ yóò sì wọlé ní 5,000 tàbí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Láàárín ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúlégbóná tí kò ní ṣiṣẹ́ pa pọ̀, èyí tí ó tóbi nìkan ni ẹ óò kà.

Ẹ̀rọ motor ni ìdààmú yín, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí. Ẹ mú motor 10 horsepower, onífésì mẹ́ta, 230 fólítì. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń mú àwọn ènìyàn ṣìnà ni pé wọ́n ń lo iye áńpíà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Fún ìwọ̀n wáyà, Àtẹ 430.250 ni kí ẹ lọ, ó sì ní 28 áńpíà. Abala 430.22 ní kí wáyà lè gbé ìdá 125 nínú 100 ti iye náà: 28 lọ́nà 1.25 jẹ́ 35 áńpíà. Ẹ lọ sí Àtẹ 310.16, ní òpó 75 °C ti bàbà, ẹ óò rí i pé wáyà 10 AWG (AWG ni ìwọ̀n wáyà ti Amẹ́ríkà) ń gbé 35. Wáyà náà nìyẹn.

Wàyí o, ẹ wo bíréékà. Àtẹ 430.52(C)(1) gbà kí bíréékà tí ó wọ́pọ̀ tó ìdá 250 nínú 100 ti iye inú àtẹ: 28 lọ́nà 2.5 jẹ́ 70 áńpíà. Bíréékà 70 lórí wáyà 10! Ó dá mi lójú pé ibí yìí ni ọkàn yín ti ń sọ fún yín pé ó lòdì sí òfin, nítorí pé gbogbo ọjọ́ ayé yín ni wọ́n ti ń kọ́ yín pé wáyà 10 kò gbọ́dọ̀ ju bíréékà 30 lọ. Òótọ́ ni Abala 240.4(D) sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 240.4(G) tí ó tẹ̀ lé e yọ sákíìtì motor sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí motor bá ń gbéra, iná tí ó ń fà a máa ju èyí tí ó ń lò nígbà tí ó bá ti ń sáré lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bíréékà 30 yóò já lójú ẹsẹ̀, motor kò sì ní gbéra láéláé. Nítorí náà òfin pín iṣẹ́ ààbò sí méjì. Bíréékà náà wà fún ìgbà tí wáyà bá pàdé ara wọn tàbí tí ó kan ilẹ̀. Ohun èlò overload, tí ó wà lẹ́bàá motor, ni ó ń ṣọ́ wáyà àti ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa gbóná kọjá ààlà nígbà tí ẹrù bá wúwo jù, òun nìkan ni ẹ ó sì fi iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ṣírò, ní Abala 430.32: ìdá 125 nínú 100 bí service factor (nọ́ńbà ara motor tí ó ń sọ bí ó ṣe lè gbé ẹrù kọjá ìwọ̀n rẹ̀ tó) bá tó 1.15, ìdá 115 bí kò bá tó, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ ooru 40 °C lára rẹ̀. Bí ìpín iṣẹ́ yìí bá ti yé yín, ìbéèrè motor kò ní rú yín lójú mọ́, torí ẹ óò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè: wáyà ni, bíréékà ni, tàbí overload.

Ohun mìíràn tí ó ń já àwọn ènìyàn kulẹ̀ ni àtẹ méjì inú Abala 250. Wáyà tí ó lọ láti ibi tí iná ti ń wọlé lọ sára páìpù omi tí ó wọ ilẹ̀, ìwọ̀n wáyà iná tí ó ń wọlé ni a fi ń mọ tirẹ̀, ní Àtẹ 250.66. Wáyà earth tí ó ń bá sákíìtì lọ, ìwọ̀n bíréékà ni a fi ń mọ tirẹ̀, ní Àtẹ 250.122. Ẹ dán an wò pẹ̀lú iná 200 áńpíà tí wáyà bàbà 3/0 ń gbé wọlé: àtẹ àkọ́kọ́ yóò fún yín ní bàbà 4 AWG, èkejì yóò fún yín ní 6 AWG. Àwọn tí ń ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ẹ lè gbé ọ̀kan sípò èkejì, ìdáhùn méjèèjì ni yóò sì wà níwájú yín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣe iṣẹ́ wáyà ní Ìbàdàn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ń múra láti wá bá wa ní Texas. Kí ni kí ó ti máa kà, kí ó má bàa pẹ́ kí ó tó dé ipò master?

Ìdáhùn: Ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti mọṣẹ́ yóò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó gbọ́dọ̀ kọ́ kí ó tó fọwọ́ kan wáyà ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọ̀. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni a ti fi ń ṣiṣẹ́ iná ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀, nínú ètò àtijọ́ tí ó ṣì wà nínú ilé púpọ̀, pupa ni wáyà tí iná wà, dúdú ni neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà. Ní Amẹ́ríkà, funfun tàbí eérú ni neutral, wáyà dúdú sì ni ó wọ́pọ̀ fún èyí tí iná wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú Ìbàdàn wo wáyà dúdú níbẹ̀ lè kú. Kí ó máa fi ẹ̀rọ ìdánwò wo gbogbo wáyà kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ àṣà náà nísinsìnyí nílé.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Iná ilé níbẹ̀ jẹ́ 120 àti 240 fólítì, 60 hertz, nígbà tí tiwa jẹ́ 230 tàbí 240, 50 hertz. Milimítà onígun mẹ́rin ni ó fi ń ra wáyà. AWG ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń kéré bí wáyà ṣe ń nípọn, tí 14 fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju 10 lọ. Sákíìtì olóbìírí tí a ń fi gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 áńpíà káàkiri ilé, kí ó gbàgbé rẹ̀, wọn kì í lò ó níbẹ̀. Kí ó wá NEC kan, kí ó ka Abala 90, 100 àti 110 dáadáa, kí ó sì mú Abala 250 ní ìkàtúnkà.

Ní ti bí yóò ṣe pẹ́ tó, kò sí ọ̀nà àbùjá. Yóò kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ apprentice, ìyẹn ti ọmọ iṣẹ́, lọ́dọ̀ TDLR. Wákàtí 8,000 lábẹ́ master ni ó ń múni dé ipò journeyman, pẹ̀lú ìdánwò tirẹ̀; lẹ́yìn náà ni ọdún méjì àti àpapọ̀ wákàtí 12,000 tí mo ti sọ lókè. Ìwé àṣẹ master nìkan kò sì tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aráàlú lórúkọ ara rẹ̀: ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ti Electrical Contractor. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ó má ṣe fi owó nìkan yan ilé iṣẹ́. Kí ó béèrè orúkọ master tí yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kọ wákàtí sílẹ̀ níbẹ̀, kí òun náà sì ní ìwé kan tí ó ń kọ tirẹ̀ sí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, pẹ̀lú déètì, irú iṣẹ́ tí ó ṣe, àti ẹni tí ó darí rẹ̀.