Ta ni obìnrin ará Ṣáínà tó fi orúkọ mìíràn bojú kó tó gbẹ̀san ikú bàbá rẹ̀?

Shi Jianqiao ni. Kì í ṣe apààyàn tí wọ́n háyà o, ọmọ tí inú ń bí ni. Ní 1925, ọ̀gágun Sun Chuanfang ní kí wọ́n bẹ́ orí bàbá rẹ̀, wọ́n sì gbé orí náà kọ́ ní ìlú Bengbu. Nígbà tó gbọ́ pé Sun ti di ẹlẹ́sìn Búdà ní Tianjin, ó fi orúkọ Dong Hui wọ ẹgbẹ́ wọn. Ní oṣù November 1935, ó yìnbọn pa á láti ẹ̀yìn níbi tó ti ń gbàdúrà. Kò sá! Ṣe ló ń pín ìwé tó fi ṣàlàyé ìdí fáwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, àmọ́ ìjọba dárí jì í ní 1936.