Ṣé iyèméjì sí hádíìsì ni kí a máa ṣe àyẹ̀wò hábátù-sáúdà nínú láàbù?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùmù, Àáfà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni láti yọ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní thymoquinone jáde lára hábátù-sáúdà (wóró dúdú tí wọ́n fi ń ṣe oògùn), kí n sì dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì àrùn jẹjẹrẹ. Àbúrò bàbá mi, tí àrùn náà ń bá jà, ní iyèméjì sí ọ̀rọ̀ Ànábì ni iṣẹ́ mi, nítorí Ànábì ti sọ pé ìwòsàn gbogbo àrùn wà nínú rẹ̀ àfi ikú. Òróró rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mu báyìí, wọn kò lọ sí ọsibítù mọ́. Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn: Wà-àlékùmù sàlámù, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun fún àbúrò bàbá rẹ ní àlàáfíà.

Hádíìsì tí wọ́n dì mú yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wà nínú ìwé hádíìsì méjèèjì tí à ń pè ní Bùkhárì àti Múslímù. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn ẹni àkọ́kọ́ ṣe lò ó. Nínú Bùkhárì kan náà, nígbà tí Ghālib ibn Abjar ń ṣàìsàn, Ibn Abī Atīq tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ní kí wọ́n mú wóró márùn-ún tàbí méje, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi òróró kán an sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì; lẹ́yìn náà ni ó mẹ́nu ba hádíìsì tí Ā'iṣa gbà wá. Iye wóró wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi pò ó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà wọ ara wà níbẹ̀. Wọn kò ka wíwọn oògùn sí àìnígbàgbọ́.

Ní ti “gbogbo àrùn”, Al-Khaṭṭābī, onímọ̀ hádíìsì àtijọ́, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò lẹ́nu ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ààlà. Súrà Al-Aḥqāf, áyà 25, sọ pé afẹ́fẹ́ àwọn ará Ād ń pa gbogbo nǹkan run, síbẹ̀ áyà yẹn náà ló sọ pé ilé wọn ṣì dúró. Nínú ìwé Múslímù, Jābir, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, gbà á wá pé oògùn wà fún gbogbo àrùn, bí oògùn bá sì bá àrùn mu, aláìsàn yóò sàn pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Bíbá àrùn mu yẹn gan-an ni ò ń wá nínú láàbù.

Thymoquinone ti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo àyẹ̀wò àti lára eku, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń tún un tò. Irú ìrìn yìí ni òdòdó Catharanthus ti Madagascar rìn. Àwọn ènìyàn ń fi ewé rẹ̀ wo àtọ̀gbẹ. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà rí i pé ó ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kù, wọ́n sì yọ vinblastine jáde ní 1958. Vincristine, tí ó tinú rẹ̀ wá bákan náà, ni wọ́n ṣì fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ májèlé ni ewé yẹn fún ẹni tó bá kàn jẹ ẹ́ láìwọ̀n.

Nítorí náà, tẹ̀síwájú. Àmáánà kan wà lọ́rùn rẹ: má ṣe kọ ọ́ pé ohun tó pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo ti wo ènìyàn sàn. Ní ti àbúrò bàbá rẹ, fi pẹ̀lẹ́tù bá wọn sọ̀rọ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ ní kí sàábé rẹ̀, Sa'd ibn Abī Waqqāṣ, lọ bá oníṣègùn Al-Ḥārith ibn Kaladah. Kí wọ́n padà sí ọsibítù kíákíá, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé àwọn ń mu òróró náà, kí ó lè mọ̀ bóyá yóò bá oògùn tí òun ń fún wọn jà.