Ọ̀pá irin tí kò tẹ̀ tó nínú CalculiX: ẹ kọ́kọ́ wo irú element tí ẹ lò

Ẹ ní ọ̀pá tí ẹ gbé sínú CalculiX (sọ́fítíwíà tó ń ṣírò bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ agbára) kò tẹ̀ tó iye tí ìṣirò orí ìwé fún yín, bóyá sọ́fítíwíà náà ni kò dáa. Kì í ṣe òun. Element ni ègé kéékèèké tí Gmsh, sọ́fítíwíà kejì, gé ọ̀pá sí; node ni àwọn ojú ibi tí ègé wọ̀nyí ti so pọ̀. C3D4, element onínode mẹ́rin tí Gmsh kọ jáde fún yín, ló le jù. Bí ọ̀pá bá ń tẹ̀, òkè ń nà, ìsàlẹ̀ ń sún kì. Strain (ìwọ̀n bí ohun ṣe nà tàbí sún kì) inú C3D4 sì jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, kò lè ṣe méjèèjì pọ̀, ló bá gan.

Ẹ fi -order 2 kún àṣẹ Gmsh kó lè di C3D10 (element onínode mẹ́wàá), element mẹ́ta nínú ìnípọn ọ̀pá ti tó. Ẹ yẹ fáìlì .inp tí CalculiX ń kà wò dáadáa, torí Gmsh máa ń kó T3D3 (element ìlà) àti CPS6 (element ojú) mọ́ ọn, CalculiX á sì kà wọ́n sí ara irin gidi. Ẹ yọ wọ́n, pẹ̀lú ELSET (àkójọ element) tó bá dárúkọ wọn.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni *CLOAD, àṣẹ tí ẹ fi ń kọ agbára. Iye tí ẹ kọ fún NSET (àkójọ node), node kọ̀ọ̀kan ló ń gba odindi rẹ̀, wọn kì í pín in. Bí node inú rẹ̀ bá jẹ́ ogójì, tí ẹ kọ 100 N, 4000 N nìyẹn! C3D4 ń dín títẹ̀ kù, *CLOAD ń fi kún un, èsì lè wá dà bíi pé ó tọ̀nà. Ẹ kọ *NODE PRINT, NSET=FIX, TOTALS=ONLY, kí RF (agbára tí ibi tí ẹ dè fi ń dá ọ̀pá dúró) wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. FIX ni orúkọ àwọn node tí ẹ dè. Bí 100 N lẹ ní lọ́kàn, àpapọ̀ inú fáìlì èsì .dat gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 N.

Ẹ fi èyí dán an wò: gígùn 100 mm, ìbú àti gíga 10 mm, E (ìwọ̀n líle irin) 210000 MPa, ẹ de ìkángun kan, kí 100 N tẹ ìkángun kejì wálẹ̀. Ìkángun tí ẹ kò dè á sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi 0.19 mm. Ní agbedeméjì, stress (agbára lórí ìwọ̀n ojú kan) ojú òkè jẹ́ 30 MPa. Ẹ má ka stress níbi tí ẹ ti dè é gan-an: bí àwọn element bá ṣe ń kéré sí i níbẹ̀ ló ń ga sí i, kò ní dúró láéláé.

CalculiX kò mọ ìwọ̀n kankan o. Bí ẹ bá ń lo mm àti N, density (ìwúwo) irin jẹ́ 7.85e-9. Bí ẹ bá kọ 7850, frequency (iye ìgbà tí ọ̀pá ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á fi ìlọ́po mílíọ̀nù kan kéré ju bó ṣe yẹ lọ.