Má yá owó torí éjẹ́ǹtì

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní éjẹ́ǹtì mọ́kànlá ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, àwọn tó ń bá òǹkọ̀wé ta ìwé fún ilé tó ń gbé ìwé jáde, lo fi ìtàn àròsọ rẹ ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́fà ní rárá, márùn-ún ò fèsì. Ẹnì kan wá kàn sí ọ fúnra rẹ̀, ó ní kí o sanwó kí òun tó kà á. O ń bèèrè bóyá kí o yá owó náà.

Má yá a. Éjẹ́ǹtì gidi kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé torí pé ó fẹ́ ka iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó bá bá ọ ta ìwé ló máa yọ tirẹ̀: nínú 100 tó bá wọlé, ó sábà máa ń mú 15, tàbí 20 bó bá jẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló tà á sí. Ẹni tó ti jẹun yó kí ìwé tó tà, kí ló máa lé e dé ọjà? Ọdún tí mo parí ìtàn mi àkọ́kọ́, owó àjọ tí mo kó ni mo san fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó kún fún ìyìn ló fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ló tún ní kí n wá sanwó àtúnṣe. Owó bàtà àti ìwé ọmọ mi wà nínú owó yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní ti rárá, èmi gba mẹ́tàlélógún. Màá ti Lagos Island dé sí Bàríga lálẹ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá Third Mainland á ti lù mí bolẹ̀, màá ṣí fóònù, màá rí òmíràn. Mi ò tètè mọ̀ pé rárá kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ẹ̀dà kan náà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Má wá ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ ibi tí ìtàn rẹ ti sú u, fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ bí ẹni fi owó pamọ́. Ẹnì kan kọ sí mi pé òun fẹ́ràn ọmọbìnrin inú ìtàn náà, àmọ́ ojú ìwé kọkàndínlógún ni òun tó bá a pàdé.

Mo bínú. Ilé kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà: ẹni tó kọ́ ọ, pákó òrùlé rẹ̀, ẹni tó jogún rẹ̀. Mo ní òyìnbó ò mọ ohun tí ilé jẹ́ fún wa. Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbé e lọ bá ìyá kan ní Ṣómólú tó ti ń bá àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ yẹ àṣìṣe wò tipẹ́. Mo ń kà á sí i létí, ó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ náà ti gbé àpótí ìyá rẹ̀ jáde lóru, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. Ó ní, “Ìyá Tóbi, ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.” Mo gé gbogbo èyí tó wà ṣáájú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ padà wọlé ní orí keje.

Nítorí náà, dúró ná. Éjẹ́ǹtì tó bá ti ní rárá sí ìwé kan kì í sábà fẹ́ rí i mọ́, àfi bó bá yí padà gan-an. Márùn-ún márùn-ún ni kí o máa fi ránṣẹ́, kí o máa tún un ṣe láàárín. Ka ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń béèrè: ẹnì kan á ní orí mẹ́ta àkọ́kọ́, òmíràn á ní ojú ìwé mẹ́wàá péré. Kí lẹ́tà rẹ má kọjá ojú ìwé kan. Kí àkópọ̀ ìtàn náà sọ bó ṣe parí. Má fi òpin pamọ́ fún wọn.

Àwọn ilé tó ń gbé ìwé jáde ní Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ tuntun. Masobe àti Ouida wà ní Èkó níbí. Láìsí éjẹ́ǹtì ni ìwé tèmi fi jáde.

Fi ojú ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò gbowó. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń ráyè. Màá kà á sókè, màá sì sọ ibi tí ọwọ́ tèmi ti dúró.