Ohun tí àríyànjiyàn lórí Èṣù fojú mi rí

Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè bá ará ilé rẹ̀ jiyàn ẹ̀sìn láìfi ìjà pín in. Ó ti ṣojú mi rí. Babaláwo ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi títí dòní. Odindi ọdún mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ bóyá Èṣù ni Bìlísì, mo sì rò pé èmi ni mò ń borí.

Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù tó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ni mo fi ń halẹ̀. Mo ní ọmọ Òṣoògùn ni, Yorùbá paraku. Bí òun bá gbà kí a pe Bìlísì ní Èṣù, ta ni kí n tún gbọ́ tẹnu rẹ̀? Bàbá babaláwo yìí wọlé, wọ́n gbé ọpọ́n Ifá jáde, wọ́n fi èékánná kan ojú tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀ lókè. "Èṣù rèé. Ṣé Bìlísì ló ń bá wa gbé ẹbọ dé ọ̀run?" Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní agbẹ́gilére kì í ṣe wòlíì. (Ìgbéraga pọ̀ lára mi nígbà náà.)

Lóru ọjọ́ yẹn, mo ṣí Bíbélì ìyá mi kí n lè rí ẹsẹ tí n ó fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mátíù orí 4: Èṣù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jóòbù orí 1: Sátánì. Nínú ìwé kan náà! Àwọn tó túmọ̀ ọ́n mọ orúkọ Sátánì yẹn, wọ́n sì kọ ọ́. Èṣù ni wọ́n wá yá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ọmọ Òṣoògùn tí mo sì fi ń ṣe fọ́ńté, ọmọdékùnrin ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Sàró (Sierra Leone) ló ti di onígbàgbọ́.

Mo lè pa Bíbélì dé, kò sẹ́ni tó rí mi. Oorun ò kùn mí.

Nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́, Bàbá ò yọ̀ mí. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ò gbọ́n tó. Ṣé o ò mọ̀ pé a máa ń kì í ní 'Èṣù, ọ̀tá òrìṣà'? Ká ní o mọ̀ ọ́n ni, ìbá ti fún mi níṣẹ́ ṣe." Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá igi tí n ó fi nà wọ́n, àfi bí wọ́n ṣe fa igi náà lé mi lọ́wọ́. Mo bi wọ́n kí ló túmọ̀ sí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó.

Látìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ jiyàn, èyí tí kò gbè mí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó ń dun ni o, pàápàá níwájú èrò.

Mi ò di oníṣẹ̀ṣe. Ṣùgbọ́n Sátánì ni mò ń pe Bìlísì nínú àdúrà báyìí. Ìyàwó mi bi mí kí ló dé, mo ní kó jẹ́ ká ṣe Àmín ná.